Ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì: ohun tí mo rí lọ́wọ́ kóòṣì àdúgbò wa

Oníbúrẹ́dì_GáàÀkànbí | Àbámẹ́ta, 9:40 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, kí ẹ bá mi dá a.

Ilé búrẹ́dì kékeré kan ni mo ní ní Gáà-Àkànbí, ní Ìlọrin níbí. Àwa 9 la jọ ń ṣe é tí ẹ bá ka èmi náà mọ́ ọn. Bàbá kan wà láàárín wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ààrò. Òun ni mo kọ́kọ́ gbà síṣẹ́, nígbà tí a kò ní ju ẹ̀rọ ìpòfuláwà àlòkù kan lọ. Láti aago mẹ́ta òru ni bàbá yìí ti máa ń dúró ti ààrò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kì í wo aago. Á na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ààrò, á ka nǹkan díẹ̀ lábẹ́ ahọ́n, á ní "ẹ gbé e wọlé." Búrẹ́dì á jáde, ara rẹ̀ á máa dán bíi ti ọmọ tuntun tí wọ́n fi òrí pa lára.

Ó ti tó ọdún kan báyìí tí nǹkan ti ń yí padà. Ojú bàbá ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ìsàlẹ̀ búrẹ́dì ń dúdú. Lẹ́yìn Iléyá, ọmọkùnrin kan wá síṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì lójú inú. Mo gbé e sídìí ààrò. N kò sọ fún bàbá. Bó ṣe dé ní òru Ọjọ́rú, ó bá ọmọ náà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó yí padà, ó lọ jókòó sórí àpò fuláwà. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tó ń ka owó.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti pín sí méjì. Ọmọ tuntun béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ooru ti tó nígbà tí igi bá tutù, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lóru Ẹtì, páànù 60 jó di èédú. Bàbá wà níbẹ̀. Ó ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, mo gbé búrẹ́dì lọ fún obìnrin kan tó ń ta tíì lẹ́bàá pápá táwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ò tí ì bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì wọn, ọlọ́kadà ni lọ́jọ́ yòókù, ó pe kápútẹ́ẹ̀nì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó ka orúkọ àwọn tó máa gbá. Ó lóṣòó kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé. Mo gbọ́ ọ: "Ìwọ ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wíńgà tí wọ́n ní yẹn yára jù ọ́ lọ." Ètè ọmọ náà ń gbọ̀n. Kóòṣì ò bẹ̀ ẹ́, kò sì bínú sí i. Ó dúró títí ètè yẹn fi rọlẹ̀, ó wá ní: "Jókòó tì mí. Wò ó fún mi, ẹsẹ̀ wo ló fi ń sá wọlé? Tó bá di ìdajì eré, ìwọ lo máa sọ fún ẹni tó gba ipò rẹ."

Mo dúró wò ó. Nígbà tí wọ́n sinmi, ọmọ náà ń fi ìka yàwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn yòókù kúnlẹ̀ yí i ká, kóòṣì ń mu omi rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Obìnrin onítíì ló rán mi létí pé n kò tí ì gba owó mi.

Ìbéèrè mi rèé: ti bàbá yìí ńkọ́? Ṣé ó ti bọ́, àbí ó ṣì ṣe é tún ṣe?

ỌmọÌyẹ̀rúỌkin | Àbámẹ́ta, 9:52 alẹ́

Páànù 60! Innà lillàhi.

Ẹ̀gbọ́n, ní Ọ̀fà níbí, ìjàkadì la fi ń parí irú èyí. Kí bàbá àti ọmọ yẹn wọ̀yá ìjà. Ẹni tó bá dá èkejì rẹ̀ ló ni ààrò.

Rẹfirí_Àná | Àbámẹ́ta, 10:31 alẹ́

Má dá ọmọ Ọ̀fà lóhùn, Oníbúrẹ́dì. Ẹ kú ìrọ́jú o.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí tẹ́lẹ̀. Mo sì fi fèrè sẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi ìdíje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti Òmù-Àrán dé Àjàsẹ́-Ìpo, kó tó di pé orúnkún ní kí n lọ jókòó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó yìí kàn mí.

Ohun tí kóòṣì ọlọ́kadà yẹn ṣe, Stephen Keshi, tó jẹ́ kóòṣì Super Eagles nígbà kan, ti ṣe irú rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ rántí ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ti 2013 ní Gúúsù Áfíríkà. Joseph Yobo ni kápútẹ́ẹ̀nì, ó ti ń gbá ẹ̀yìn fún Nàìjíríà láti ìgbà táwọn kan nínú yín ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Keshi gbé Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, àti Godfrey Oboabona tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ sí àárín ẹ̀yìn. Orí bẹ́ǹṣì ni kápútẹ́ẹ̀nì wa wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìdíje yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọjọ́ àṣekágbá, ọjọ́ 10 oṣù kejì. Góòlù Sunday Mba ti wọlé, Burkina Faso ń wá tiwọn kíkankíkan, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí fèrè dún. Keshi ní kí Yobo wọlé. Yobo ló sì gbé ife náà sókè.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Keshi mọ bí bẹ́ǹṣì ṣe ń gbóná nídìí àgbà. Òun alára ni kápútẹ́ẹ̀nì nígbà tí a lọ sí World Cup ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994 lábẹ́ kóòṣì Clemens Westerhof. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbá níbẹ̀, ti Greece. Èyí tó kù, ìjókòó ló jókòó, pẹ̀lú oyè kápútẹ́ẹ̀nì lórí. Nígbà tó wá di ẹni tó ń yan orúkọ, kò gbàgbé.

Ẹsẹ̀Òsì_Tankẹ | Àìkú, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Tí kóòṣì bá ń fi àánú yan ẹni tó máa gbá, góòlù mẹ́fà mẹ́fà la ó máa jẹ.

Keshi tí Bàbá Rẹfirí ń yìn yìí, ṣé òun kọ́ ló yọ Osaze Odemwingie, agbábọ́ọ̀lù wa, kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún 2013 yẹn náà? Odemwingie gbé e lọ sórí Twitter, ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Ṣé Keshi lóṣòó síwájú rẹ̀? A ṣáà gba ife.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ni kó dúró ti ààrò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹni tó wà níbẹ̀ tí páànù 60 fi jóná tí kò la ẹnu, ilé ni mo máa ní kó máa lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun náà wà lọ́jà, ó sì ń wò ó.

ÌyáAránṣọ_ỌjàỌba | Àìkú, 8:20 àárọ̀

Ìwọ Ẹsẹ̀Òsì, ó hàn pé o kò tí ì gba ènìyàn síṣẹ́ rí. Ẹni tó dákẹ́ tí nǹkan ń jóná, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kò bá a sọ ló ń dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ọmọ iṣẹ́ méje ló wà ní ìsọ̀ mi lẹ́yìn Ọjà Ọba. Àgbà nínú wọn mọ aṣọ gé, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń parí iṣẹ́, ojú ìrán rẹ̀ máa ń wọ́. Àbúrò rẹ̀ tó dé lẹ́yìn ọdún méjì, ọwọ́ tirẹ̀ dà bí ẹ̀rọ. Nígbà tí aṣọ ìyàwó kan dé, léèsì tó wúwo, mo na án sí àbúrò. Mi ò ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n á mọ̀ fúnra wọn.

Àgbà rí i pé ṣọ́ọ̀kì tí ọmọ náà fi sàmì apá ti yẹ̀ ní íǹṣì kan. Kò sọ̀rọ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń lọ aṣọ ẹlòmíì. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e bẹ́ẹ̀. Mo lọ ra léèsì oníléèsì padà láti inú àpò ara mi. Nígbà tí mo bi í pé ṣé kò rí i ni, ó ní: "Ẹ ò fún mi ní iṣẹ́ yẹn, Àǹtí." Ó tán.

Mi ò tí ì sọ fún un títí dòní ìdí tí mo fi gbé aṣọ yẹn fún èkejì rẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin.

Ọmọ_Ìrá | Àìkú, 11:15 àárọ̀

Ẹsẹ̀Òsì, ìtàn Odemwingie tí o sọ kò parí síbẹ̀ yẹn. Nígbà tí World Cup 2014 ń bọ̀, Keshi tún pe Odemwingie yẹn náà. Ní Brazil, a na Bosnia ní 1-0. Ta ló gbá a? Odemwingie. Láti 1998 la kò ti borí nínú World Cup kí ọjọ́ yẹn tó dé. Kóòṣì lè fi ènìyàn sílẹ̀, kó má sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni góòlù yẹn. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994 náà ni Rashidi Yekini ti ilé wa gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú World Cup, sílé Bulgaria, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n tó ń ké. Ogún ọdún géérégé. Ìrá níbí la sin ín sí lọ́dún 2012. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà. Kí ẹnikẹ́ni má...

Alámòójútó | Àìkú, 11:30 àárọ̀

Ọmọ Ìrá, gbogbo wa la fẹ́ràn Yekini. Ẹ padà sídìí ààrò.

Pápá_Adéwọlé | Àìkú, 12:48 ọ̀sán

Èmi, Manchester United ni mí, ṣùgbọ́n n kì í bo àṣìṣe Ferguson, kóòṣì wa tẹ́lẹ̀, mọ́lẹ̀. Ó lé ní ọdún 26 níbẹ̀, ó gba líìgì 13, kò sí kóòṣì tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹgbẹ́ mọ tó o. Àmọ́ lọ́dún 2001, ó ta Jaap Stam, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, fún Lazio ní Ítálì. Stam yìí, bí ẹ bá sáré lù ú, ẹ̀yin lẹ máa ṣubú. Ṣé ẹ mọ ibi tí Ferguson ti sọ fún un? Ilé epo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ferguson gbà nígbẹ̀yìn pé àṣìṣe ni títa yẹn.

ÌyáAránṣọ_ỌjàỌba | Àìkú, 12:55 ọ̀sán

Ilé epo! Níbi tí wọ́n ti ń ra epo!

ỌmọÌyẹ̀rúỌkin | Àìkú, 1:02 ọ̀sán

Ó ṣáà sọ fún un. Oníbúrẹ́dì ń ka owó ní tirẹ̀ ni.

Oníbúrẹ́dì_GáàÀkànbí | Àìkú, 9:10 alẹ́

Ọmọ Ọ̀fà, o gún mi lọ́bẹ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu. Bàbá yìí mọ̀ mí nígbà tí mo ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì kiri. Ó ti bá mi ṣiṣẹ́ oṣù kan láì gba kọ́bọ̀, nígbà tí owó fuláwà ṣàdédé fò sókè. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ọmọ àná sàn jù ú lọ?

Ohun tí mo ń rò báyìí ni kí n fi í ṣe olórí gbogbo ilé. Kí n fi nǹkan díẹ̀ kún owó rẹ̀, kó máa wá nígbà tó bá wù ú, kó jókòó, kí wọ́n máa kí i. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Harmony_Boy | Àìkú, 9:33 alẹ́

Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Nígbà tí Kwara United gba Federation Cup lọ́dún 2025, pẹnáritì la fi na Abakaliki FC ní Èkó. Nílé oúnjẹ tí mo ti wò ó, ẹni tó ń lọ gbá nìkan ni gbogbo ènìyàn ń wò. Èmi ń wo àwọn tí wọ́n di ara wọn léjìká mú láàárín pápá. Ẹni tí wọn kò yàn kó gbá ṣì wà lórí ìlà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mú bàbá kúrò lórí ìlà.

Rẹfirí_Àná | Àìkú, 10:14 alẹ́

Oníbúrẹ́dì, rárá o. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn burú ju kí ẹ lé e lọ. Ẹ fẹ́ fi í joyè òfo. Arúgbó tó ń dìde ní aago méjì òru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ fẹ́ kó wá máa jókòó kí wọ́n máa kí i? Ẹ ti sin ín nìyẹn, ẹ kàn ń bù omi fún un mu ni.

Ẹ padà sí ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí. Kóòṣì yẹn kò sọ fún ọmọ náà pé "ìwọ náà ṣe pàtàkì." Ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí òun kò mọ̀, tó sì nílò: ẹsẹ̀ wo ni wíńgà yẹn fi ń wọlé? Tí ọmọ náà kò bá wò ó dáadáa, góòlù á wọlé. Iṣẹ́ gidi nìyẹn.

Ẹ tún wo Yobo. Ní World Cup 2014, orí bẹ́ǹṣì náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ pẹ̀lú Iran kò tí ì parí tí Oboabona fi ṣèṣe. Ta ni wọ́n yíjú sí? Yobo wọlé, ó sì gbá a lọ títí dé ọ̀dọ̀ Faransé. (Mo mọ̀ pé òun ló gbá èkejì sílé ara wa lọ́jọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ rán mi létí.) Tó bá jẹ́ pé oyè òfo ni wọ́n fi pa á mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ti di igi.

Ìbéèrè mi fún yín: kí ni bàbá yìí mọ̀ tí ọmọ yẹn kò mọ̀? Ẹ ti kọ ọ́ síbí fúnra yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Igi tútù.

Ẹsẹ̀Òsì_Tankẹ | Ajé, 6:40 àárọ̀

Ó dáa, mo gba ti igi tútù. Àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n má bá bàbá wí lórí páànù 60. Kóòṣì tí kò lè bá àgbà wí, àwọn ọmọ kékeré á rí i.

Rẹfirí_Àná | Ajé, 7:15 àárọ̀

Níbi yẹn, o gbá a wọlé. Kí wọ́n bá a wí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tirẹ̀.

Oníbúrẹ́dì_GáàÀkànbí | Ọjọ́bọ̀, 8:50 alẹ́

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Ajé ni, lẹ́yìn ìrun Máńgàríbà. N kò pè é wá sí ọ́fíìsì, ilé rẹ̀ ni mo lọ bá a. Mo ra wàrà dání. Ó wà lórí ẹní níwájú ilé, ó ń yọ ẹ̀gún kan lẹ́sẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Mo lóṣòó bí mo ṣe rí kóòṣì yẹn tó ṣe, itan mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Mo ní: "Bàbá, mo gba ààrò lọ́wọ́ yín, n kò sì sọ fún yín. Ìwà ojo ni mo hù. Ọwọ́ ọmọ yẹn yá ju tiyín lọ báyìí, mi ò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó jóná lójú yín lóru Ẹtì, ó dùn mí."

Ó yọ ẹ̀gún yẹn tán kó tó dáhùn. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá pé ojú òun kò ríran dáadáa sínú ààrò mọ́, pé òun ń dúró kí n sọ ọ́ ni. Ó ní ní ti Ẹtì, òun ṣì í. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, ohùn rẹ̀ le díẹ̀: "Ta ló kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa to páànù kún apá òsì? Apá òsì ni atẹ́gùn ń gbà wọlé."

Mo ní n kò mọ̀. N kò mọ̀ lóòótọ́. Láti ọdún wọ̀nyí tí mo ti ń ta búrẹ́dì, n kò mọ̀ pé atẹ́gùn ń gba ibì kankan wọlé.

Ó dé ní aago mẹ́ta òru àná. Ó jókòó sórí àpò fuláwà kan náà, ṣùgbọ́n ó ti wọ́ ọ sún mọ́ ààrò. Ó ní kí ọmọ náà di ojú, kó na ọwọ́ sí ẹnu ààrò, kó máa ka Kúlíwàllàhù. Tí ooru bá ní kó fa ọwọ́ kó tó kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti gbóná jù. Ohun tó ń kà lábẹ́ ahọ́n láti ọjọ́ yìí nìyẹn! Igi tútù sì ni wọ́n fi dáná lánàá. Páànù mẹ́rin péré ló dúdú díẹ̀.

Àwọn tó ń yí búrẹ́dì ò tí ì bá ọmọ náà ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀kan ṣì ń pọ̀ṣẹ́ tó bá kọjá. Màá rí sí ìyẹn.

ỌmọÌyẹ̀rúỌkin | Ọjọ́bọ̀, 9:01 alẹ́

Páànù mẹ́rin yẹn, ẹ fi í há mọ́tò Ọ̀fà. Màá dúró ní gáréèjì.

Ẹsẹ̀Òsì_Tankẹ | Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, kóòṣì ọlọ́kadà yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n borí lọ́jọ́ yẹn?

Oníbúrẹ́dì_GáàÀkànbí | Ọjọ́bọ̀, 9:26 alẹ́

Rárá o, 2-1 ni wọ́n na àwọn ọmọ àdúgbò wa. Wíńgà yẹn ló gbá méjèèjì.

ÌyáAránṣọ_ỌjàỌba | Ọjọ́bọ̀, 11:48 alẹ́

Mo ti pa iná ìsọ̀, gbogbo wọn ti lọ ilé, mo ṣì jókòó síbí. Láàárọ̀ ọ̀la, ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ dé, òun ló máa ń gbálẹ̀. Kó tó di pé àwọn yòókù dé, ó máa ń tó bí ìdajì wákàtí.

Bàbá Rẹfirí, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, gbólóhùn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?